Láti Orí Lẹ́tà Dé Orí Dátà

Ní ọdún 2009, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin, káfè ló di yunifásítì wa. Àwa mẹ́rin tí a jọ ń ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń da owó pọ̀, a ó ra tíkẹ́ẹ̀tì àṣemọ́jú méjì, ẹni méjì á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, ilẹ̀ á mọ́ kí a tó jáde. Overnight ni gbogbo ayé ń pè é nígbà náà. Lápá ọ̀tún wa, àwọn ọmọ Yahoo ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí àwọn ìyá àgbà òkè òkun. Lápá òsì, ẹnì kan ti sùn lọ, ó gbé orí lé kíbọ́ọ̀dù. Àwa ní tiwa, PHP là ń wá.

Kí ẹ má baà rò pé ìfẹ́ ìwé ló ń gùn wá ju ẹlòmíì lọ, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní kíláàsì wa, orí pépà la ti ń kọ èdè C. A ó kọ kóòdù sórí pépà, olùkọ́ á fi bírò pupa máàkì í, kọ̀ǹpútà kankan ò ní dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ọdún méjì la fi kọ kóòdù tí a ò fojú rí kó ṣiṣẹ́. Inú káfè yẹn la ti kọ́kọ́ rí i pé kóòdù tó gba máàkì 18 nínú 20 lè má ṣiṣẹ́ rárá, torí àmì ìdánudúró kékeré kan tó sọnù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìtàn yìí fara pamọ́ sí. Ká ní káfè kan ra ọ̀nà 128 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí sátẹ́láìtì, tí kọ̀ǹpútà 16 sì ń pín in. Kilobit 8 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kilobyte 1 péré. Ìwé PDF tó jẹ́ megabyte 4 yóò gba 4,000 ìṣẹ́jú àáyá, ó ju wákàtí kan lọ, bí NEPA ò bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò sì kọ iṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ìwé kan dánlóòdù kì í dá a jẹ. Orí fíláàṣì ni ìwé ń gbà kiri, láti yàrá dé yàrá, láti họ́sítẹ́ẹ̀lì dé họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rẹ́ wa kan wà tí kò lówó àṣemọ́jú rárá. Àárọ̀ ló máa ń wá bá wa, fíláàṣì 512MB lọ́wọ́, bí ẹni tó wá ra àkàrà gbígbóná. Òun ló wá mọ PHP ju gbogbo wa lọ nígbẹ̀yìn.

Àwọn àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ báyìí máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀kọ́ jáde kúrò ní kíláàsì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó bí àwọn òbí wa pàápàá, ẹ̀kọ́ ti ń wọ ilẹ̀ Yorùbá nínú àpòòwé. Ilé ẹ̀kọ́ Wolsey Hall ní Oxford ti ń fi lẹ́tà kọ́ni láti ọdún 1894, Rapid Results College dé ní 1928. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ ìjọba, tíṣà, akọ̀wé ilé iṣẹ́ òyìnbó, gbogbo wọn ló ń fi owó oṣù ra ẹ̀kọ́ láti òkè òkun. Ìwé á bá ọkọ̀ ojú omi dé, wọ́n á kà á lálẹ́ lábẹ́ àtùpà, wọ́n á dáhùn ìbéèrè, wọ́n á fi ránṣẹ́ padà, wọ́n á tún máa retí. Ọ̀nà yìí ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà tó fi gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, kó tó rìnrìn àjò lọ kọ́ ìmọ̀ òfin níbẹ̀.

Àwa tó ń kọ sọ́fítíwíà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní latency, ìyẹn àkókò tó wà láàárín ìgbà tí o béèrè nǹkan àti ìgbà tí èsì dé. Ti lẹ́tà yẹn, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Àmọ́ ó ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ fídíò wa ò ní: ẹnì kan wà lódìkejì tó ń ka ohun tí o kọ, tó sì ń fi bírò tọ́ka sí ibi tí o ti ṣì í.

Ọkùnrin tó kàwé nínú àpòòwé yìí kan náà ló wá di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ní oṣù kìíní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ tó wà ní ilé ìwé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí tíṣà tó máa kọ́ gbogbo wọn? Ìbéèrè yìí wà lára ohun tó bí WNTV, tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959. Ọ̀rọ̀ òṣèlú náà wà níbẹ̀, ká má parọ́. Ní 1953, gómìnà Nàìjíríà, Macpherson, sọ̀rọ̀ sí Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí rédíò, Awólọ́wọ̀ ní òun fẹ́ fèsì lórí rédíò kan náà, wọn ò gbà fún un. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹnu rẹ̀ dákẹ́ lórí rédíò ìjọba, kò yani lẹ́nu bó bá lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ ìdí tí ìjọba sọ síta ni ẹ̀kọ́: tíṣà kan tó mọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì dáadáa lè dúró ní Ìbàdàn, kí ọmọ ilé ìwé mẹ́wàá máa wò ó lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà" ni wọ́n ń pe ara wọn. Morocco àti Algeria ti ní tẹlifíṣọ̀n ṣáájú, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ará Ìbàdàn jiyàn?

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kò le láti rí. Ta ló ní tẹlifíṣọ̀n ní 1959? Àwọn díẹ̀ ní ìgboro. Àwòrán tíṣà dé ibi tí tíṣà ti wà tẹ́lẹ̀, kò dé abúlé tí wọn ò ti rí tíṣà, tí wọn ò sì ní iná mànàmáná. Kò pẹ́ tí ìpolówó ọjà àti fíìmù òkè òkun fi gba púpọ̀ nínú àkókò náà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Lódìkejì òkun, ní 1960, Donald Bitzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois bẹ̀rẹ̀ PLATO, kọ̀ǹpútà tí wọ́n dìídì ṣe fún kíkọ́ ọmọ ilé ìwé. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1970, àwọn tó ń lo PLATO ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n ń gbá géèmù, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀kọ́ di ibi ìjókòó àwọn ọ̀rẹ́. Nínú ìtàn kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rí. ARPANET tẹ̀lé e ní 1969, Tim Berners-Lee mú àbá wẹ́ẹ̀bù wá ní 1989, ilé iṣẹ́ CERN sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1993.

Nílé níhìn-ín, òfin tó dá yunifásítì àkàgbélé ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ jáde ní 1983. Ọdún kan ò pé tí ìjọba ológun fi tì í pa ní 1984. Ọdún méjìdínlógún ló fi wà ní títì kí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó jí i dìde ní 2002, tó ń jẹ́ NOUN. Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ padà wá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò nípò, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì níbẹ̀ ní 2018, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kò wọ́pọ̀ kí olórí ìjọba jẹ nínú ọbẹ̀ tó fúnra rẹ̀ sè.

Ní 2001, ohun méjì ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹrin, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn yóò gbé ẹ̀kọ́ àwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹjọ, GSM dé Nàìjíríà. Ìwọ̀nyí ò mọra wọn rárá nígbà náà. Ẹni tó ní fóònù ní 2001 ń fi í ṣe fáàrí níbi òde, kì í fi í kàwé. Ẹni tó sì fẹ́ ka ìwé MIT nílò ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì tí kò sí.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Cliff Missen rí àìsí ọ̀nà yìí lójú ara rẹ̀. Ó wá kọ́ni ní Yunifásítì Jos, ó rí i pé kọ̀ǹpútà wà, àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé ò tó nǹkan. Nígbà tó padà sí Yunifásítì Iowa, òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í da ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì kọ sórí háàdì dísìkì ńlá, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, wọ́n ń gbé e lọ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà. eGranary ni wọ́n pè é. Àká ni granary, àká tí a ń kó àgbàdo sí dé ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. A fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ mọ̀ pé òjò íntánẹ́ẹ̀tì ò ní máa rọ̀ lójoojúmọ́, àti pé àgbẹ̀ gidi kì í dúró de òjò kó tó jẹun. Fíláàṣì 512MB ọ̀rẹ́ wa yẹn, àká kékeré ni.

Okùn abẹ́ òkun ló yí nǹkan padà. SAT-3 ti kọ́kọ́ dé Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àmọ́ nígbà tí MainOne àti Glo-1 dé, ní nǹkan bí 2010, ni ọ̀nà wá fẹ̀ dáadáa. Ó bọ́ sí àkókò kan náà tí ayé ń pariwo ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Salman Khan, tó bẹ̀rẹ̀ nípa kíkọ́ ọmọ ìbátan rẹ̀ ní ìṣirò láti ìlú mìíràn ní 2004, ti sọ fídíò rẹ̀ di Khan Academy. Ní 2011, ènìyàn 160,000 forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí àwọn ará Stanford gbé síta lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Coursera, Udacity àti edX dé. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé yunifásítì ti fẹ́ kógbá wọlé. Àwa náà gbà á gbọ́, a forúkọ sílẹ̀ fún bí i mẹ́jọ. Méjì la parí. Ká tún fi kún un pé nínú 160,000 yẹn, àwọn tó parí ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ibi tí a ti fẹ́ tọrọ àforíjì rèé. Ní 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama àgbà. Tábílẹ́ẹ̀tì kan ni, ìwé 56 ló wà nínú rẹ̀ lórí iṣẹ́ 17, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá tí ọmọ lè fi dán ara rẹ̀ wò. 150,000 ni iye tí ìjọba sọ pé àwọn fẹ́ pín. Ariwo pọ̀ lórí owó rẹ̀, àwọn alátakò sọ tiwọn, ìjọba sọ tirẹ̀. Àwa kò bá ti owó lọ. Ohun tí àwa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni pé kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí iṣẹ́ sọ́fítíwíà ní Èkó, orí wa ń wú. Tábílẹ́ẹ̀tì tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì! A ní bí ìgbà tí ènìyàn ra mọ́tò tí kò ní táyà ni.

Àwa la ò ronú jinlẹ̀. Ẹni tó ṣe é mọ abúlé tó ń ṣe é fún. Ọpọ́n Ifá ni wọ́n ti mú orúkọ náà wá, bábaláwo kì í sì í wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kó tó dá Ifá. Ó ní àléébù tirẹ̀ o. Ìwé tí kò sí lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, ẹ ò lè jókòó sí ọ́fíìsì kí ẹ tún un ṣe. Tábílẹ́ẹ̀tì kì í sì í ṣe wàláà. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ó fọ́ nìyẹn, bátìrì rẹ̀ á sì gbó bó pẹ́ bó yá. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí ìran wa rí, òun ló jọ àká jù lọ. Ọdún tí wọ́n gbé e jáde náà ni JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, tó fi di 2015 tí gbogbo rẹ̀ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ kan wà tí ọjọ́ ìdánwò ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kan máòsì.

Lẹ́yìn náà ni 2020 dé. Oṣù kẹta, Kòrónà ti ilé ìwé pa. Àwọn olùkọ́ yunifásítì náà daṣẹ́ sílẹ̀, ó di oṣù kejìlá kí wọ́n tó padà. Àwa mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin ijọ́sí ní a ó kọ́ àwọn ọmọ ẹbí wa àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ìṣirò. Ọmọ 14 ni gbogbo wọn, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà. A múra sílẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sóde: Zoom, bọ́ọ̀dù funfun, iná tó mọ́lẹ̀ rekete. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ mẹ́ta ló wọlé.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan, tó ń ta èlò ọbẹ̀, ló la ọ̀rọ̀ náà yé wa. Ó ní, "Ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà yìí, fóònù kan ló wà nílé mi, èmi ni mo sì ń gbé e lọ sọ́jà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ tí ẹ̀ ń pariwo rẹ̀ yẹn, oníbàárà ń pè mí. Ẹ fi ránṣẹ́ lálẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ dátà."

Fídíò wákàtí kan, tí kò tiẹ̀ mọ́ púpọ̀, lè jẹ 300MB. Ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún lórí WhatsApp kò tó 1MB. Bí a ṣe pa Zoom tì nìyẹn. Alẹ́ ni a ń fi ohùn ránṣẹ́, pẹ̀lú fọ́tò ìwé kan tí a fi ọwọ́ kọ. Àwọn ọmọ á gbọ́ ọ nígbà tí ìyá wọn bá dé, wọ́n á ṣe iṣẹ́ náà sínú ìwé, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ kí fóònù tó tún padà sọ́jà láàárọ̀. A ó máàkì í, a ó fi ránṣẹ́ padà. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọ̀kan nínú wa tó rẹ́rìn-ín pé Wolsey Hall la ti dá sílẹ̀ yìí. Ní àkókò kan náà, Ìpínlẹ̀ Ògùn ń kọ́ àwọn ọmọ lórí OGTV, ìjọba Èkó ń kọ́ wọn lórí rédíò. Ọdún 61 lẹ́yìn WNTV, tíṣà tún ti dúró níwájú kámẹ́rà, ọmọ tí kò ní iná nílé ṣì wà níbi tó wà.

Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ti rẹ ọ̀kan nínú wa, kò lókun Gẹ̀ẹ́sì mọ́, ó fi Yorùbá ṣàlàyé ìdá. Ó ní ká ní ọsàn kan wà, a gé e sí mẹ́rin, Bọ́lá jẹ mẹ́ta, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ. Kò pé wákàtí kan tí ohùn ọmọ kan wọlé, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ń pariwo: "Àṣé iye tí wọ́n bù ni numerator! Iye tí wọ́n gé e sí ni denominator!" Oṣù márùn-ún ló ti ń há ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn sórí ní ilé ìwé.

Inú wa dùn bí ẹni tó ṣàwárí nǹkan tuntun, àfi ìgbà tí a rántí pé ọ̀rọ̀ yìí ti dàgbà jù wá lọ. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ ní èdè Yorùbá, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn òbí ń bẹ̀rù pé wọn ò ní mọ̀. Wọ́n kọ ìwé fún wọn, ìṣirò ní Yorùbá, sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá. Àwa tí a mọ ibi tí ìwé MIT wà lóru kò tíì wá tiwọn rí. A wá a lọ́dún yẹn. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ nípa ètò náà la rí, ìwé tí àwọn ọmọ lò gan-an ò jáde sí wa lójú íntánẹ́ẹ̀tì. A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwa, ohùn lẹ́yìn ohùn, ó tó 60 kí ilé ìwé tó wọlé padà. Wọ́n wà lórí háàdì dísìkì kan báyìí, a sì ti dà wọ́n kọ sórí fíláàṣì fún ẹni tó bá fẹ́.

Ọmọ tó pariwo numerator yẹn ti wọ ilé ìwé girama, ó sì ní fóònù tirẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ó fi ohùn ránṣẹ́ pé òun fẹ́ kọ́ Python, kí a jọ̀ọ́ fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, kó jẹ́ lálẹ́, kó má sì ju 10MB lọ torí fóònù òun ti fẹ́ẹ̀ kún. A ti ń gé ìwé náà kúrú láti ọjọ́ yẹn, a yọ àwòrán, a ń túmọ̀ orí kìíní sí Yorùbá. Ó ti di 12MB.